Ilà Kẹrin Lójú Àwọn Ará Ilẹ̀kùn

Àwọn èèyàn tí ẹ̀rù wọn bà mí jù láyé, orí ògiri sàló tí a ti ń gbàlejò nílé wa ni wọ́n ń gbé. Wọn ò lẹ́ran, wọn ò léegun. Ọ̀dà lásán ni wọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló yà wọ́n síbẹ̀, ó sì ní kí a máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ nu eruku ojú wọn.

Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Djègan-Kpèvi. Mo lọ sí ilé ìwé díẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò ju èyí tí mo lè fi kí ọlọ́pàá kí n sì fi bẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kàwé nínú wa. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ó sì kú kí ọmọ náà tó mọ ọ̀nà ilé ìwé, bó ṣe di pé èmi àti ìyàwó mi la tọ́ ọ nìyẹn. Ó ti dàgbà, ó di olùkọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì, ìtàn ayé àtijọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ayé tiwa yìí kò sì tó o. Ó lọ dá òmíràn sílẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé alàwòrán, ṣùgbọ́n kí ó tó kọ ohunkóhun sínú ìwé, ara ògiri wa ló ti máa ń kọ́kọ́ yà á wò.

Ó ní ìjọba ńlá kan wà rí, tí ọba rẹ̀ bá dìde dúró ní òwúrọ̀, òjìji rẹ̀ á bo oko gbogbo ìlú tó ń sìn ín. Ọba náà kú, kò sọ ẹni tí yóò jókòó lẹ́yìn òun. Kí wọ́n tó sin ín, àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ ti kó ààfin. Àwọn kan gbé agogo, àwọn kan gbé agboòrùn, àwọn kan ká okùn kànga lọ, àwọn kan sì yọ ilẹ̀kùn ààfin lódindi, wọ́n rù ú lórí, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń sọ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun gan-an ni ìjọba, tí wọ́n sì ń pa ara wọn lórí rẹ̀. Tí ẹ bá bi mí, ó jọ bí a ṣe ń pín ogún nílé wa. N kò sọ ọ́ sókè o, àwọn tí a jọ pín in ṣì wà láyé.

Àwọn Ará Ilẹ̀kùn ló burú jù nínú wọn. Wọ́n mọ odi yí ilẹ̀kùn náà ká, wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan odò kún, ọmọ gbogbo ìlú yòókù sá wá síbẹ̀, wọ́n ní ẹ gbà wá, Ará Ilẹ̀kùn sì ti ilẹ̀kùn pa. Ohun tó wà lára ògiri wa nìyẹn: àwọn ọmọ nínú omi, wọ́n nawọ́ sókè, ilẹ̀kùn tí a tì pa, Ará Ilẹ̀kùn lórí odi, wọ́n ń wo ibòmíràn. Àwòrán náà dára débi pé n kò lè kọjú sí i jẹun. N óò kẹ̀yìn sí i, ìyẹn náà kò tún dára, nítorí n óò máa rò pé wọ́n ń wo ìpàkọ́ mi.

Kí a lè dá ìlú kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, ó kọ ilà fún wọn bíi ti àwọn àgbà wa. Ilà Ará Ilẹ̀kùn jẹ́ mẹ́ta ní ìbú, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilà mẹ́ta pọ̀ nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n nínú ti àwọn wọ̀nyí, èyí tó wà nísàlẹ̀ gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.

Mo bi í pé níbo ló ti rí i.

"Bàbá kékeré, lójú bàbá kan tó máa ń jókòó sí ìta ní àdúgbò Dowa, nígbà tí mo wà ní kékeré ni. Ilà náà wù mí."

"Ó wù ọ́, o wá lọ fi fún ọ̀dájú?"

"Ó yẹ kí ọ̀dájú rẹwà. Bí kò bá rẹwà, ta ni yóò tẹ̀ lé e?"

Èmi ò ní ilà, bàbá mi ní àsìkò ti yí. Ohun kan ṣoṣo tí ojú mi máa ń sọ fún èèyàn ni pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ yìí ti mú ẹnì kan wá rí, ní ọjọ́ sí, àwọn ará ilé ọkùnrin náà sì ní ìwé tó kà ti pọ̀ jù. Wọ́n lọ, wọn ò padà. Ó pẹ́ kí ó tó tún rí òmíràn, ọmọ Dowa kan tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, onírẹ̀lẹ̀ èèyàn. Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ Àìkú tí ìdílé méjèèjì yóò fojú rinjú, ó wá bá mi nínú àtẹlíyè tí mo ti ń ránṣọ, ó jókòó, ó ń fọwọ́ tú òwú.

"Bàbá kékeré, bí èyí náà bá bàjẹ́, n kò ní mú ẹnikẹ́ni wá sílé yìí mọ́. N kò bínú o. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ẹ̀rù kì bá tí bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ṣe rí. Àwọn àgbà kì í wá jẹun. Wọ́n wá wo ilé ni. Wọn óò wo ẹni tó kí wọn dáadáa àti ẹni tí kò kí wọn, wọn óò wo àwo, wọn óò wo igun ilé. Bí nǹkan kan kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn kì í jà. Wọn óò rẹ́rìn-ín, wọn óò ní "a ó padà wá." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bẹ̀rù ju ìjà lọ. Ẹni tó bá ní òun ó padà wá sílé ọmọbìnrin, tí kò dá ọjọ́, ó ti lọ nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, alùpùpù akérò, níwájú àtẹlíyè mi.

"Ìwọ ni aránṣọ?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ káàsán."

"Wọ̀n mí fún agbádá."

Mo fi okùn wọn apá, mo wọn àyà, mo wọn gígùn. Orí ni mo tẹ̀ sí iṣẹ́ mi. Ìgbà tí mo dé ọrùn ni mo gbójú sókè. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, èyí tó wà nísàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Mo mọ ojú náà. Mo máa ń kẹ̀yìn sí i jẹun. Okùn wà lọ́rùn bàbá, n kò rántí tú u.

"Ṣé o fẹ́ fún mi lọ́rùn ni?"

"Rárá o, bàbá. Ọrùn yín ló... ó gùn."

"Ọrùn mi kò gùn rí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé rẹ là ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni bàbá ọkọ ọmọ yín. Wọ́n ní ìwọ ni yóò gbà wá lálejò, mo ní kí n yọjú kí n wo ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n báyìí, ṣé yóò lè gbé àwo obì?"

Mo ní òtútù ló mú mi. Oòrùn ọjọ́ náà lè dín ẹja.

Mo sáré délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó jókòó, ó wo ògiri, ó wò mí.

"Pe ọmọ rẹ kí o sọ fún un."

"Bí mo bá sọ fún un, yóò ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn, yóò gba kámú. N kò fẹ́ kí ó gba kámú."

"Fi aṣọ bo ògiri nígbà náà."

"Ẹni tó bá rí ògiri tí a fi aṣọ bò láti òkè délẹ̀, yóò ní òkú ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ọmọ náà wà ní Pọ̀bẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò. Mo pè é lórí pọ́tábù, mo bi í bó bá ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Mo bi í kí ló jẹ.

"Bàbá kékeré, kí ló dé?"

"Kò sí. Ògiri yìí ni mo ń wò."

"Ẹ má fọwọ́ kan ògiri mi o!"

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo fọwọ́ kàn án. Mo rí ike ọ̀dà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, mo gun àpótí. Èrò mi rọrùn: ilà bàbá jẹ́ mẹ́ta, bí mo bá fi ọ̀kan kún un ní ìsàlẹ̀, ó di mẹ́rin, Ará Ilẹ̀kùn kì í ṣe ẹbí bàbá mọ́. Wọn ìbáà jẹ́ ẹbí ẹlòmíràn. Àpótí ń mì, ṣùgbọ́n ọwọ́ aránṣọ mọ ìlà títọ́. Ilà kẹrin tí mo fà tọ́ ju mẹ́ta tí mo bá níbẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi wọlé. "Kí lo ń ṣe sókè yẹn?"

"Mo ń sọ wọ́n di ọmọ ilé mìíràn."

"Ilé ta?"

"Kò sí ilé ẹnikẹ́ni."

"Ẹni tó ní ilà mẹ́rin wà níbìkan o."

"Níbìkan kì í ṣe sàló mi," ni mo wí. Ó mi orí, ó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀. Ohun tó máa ń bí mi nínú lára obìnrin yìí ni pé kì í tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ọmọ dé láti Pọ̀bẹ̀. Iná ti lọ, orí ń fọ́ ọ, yàrá ló gbà lọ tààrà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin adúgbò ti há a mọ́ inú yàrá, wọ́n ń dì í lórí, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A kì í jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n ń wá tọrọ wọ sàló títí wọn óò fi pè é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àṣà.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Bàbá ló ṣáájú nínú agbádá tí mo rán, ó jókòó sí i lára dáadáa, mo sì rò pé bóyá ó ti parí nìyẹn. Ọkọ ọmọ wa tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ ló wọlé kẹ́yìn. Ó bọ́ bàtà, ó gbé orí sókè láti kí mi.

Mẹ́rin lọ́tùn-ún. Mẹ́rin lósì.

Mo gbàgbé pé obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ kì í fi ilà ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Mo sáré gbé àga kan, mo gbé e kí ó kẹ̀yìn sí ògiri.

"Ìyá wa, ẹ jókòó síbí. Atẹ́gùn wà níbí."

"Oòrùn ń wọ̀ mí lójú níbẹ̀," ni ó wí. Ó kọjá sí òdìkejì, ó jókòó, ó kọjú sí gbogbo wọn.

A ṣe àdúrà. A kí ara wa, a tún ara wa kí. Ó kàn mí láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ há sórí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ń sọ pé ẹ káàbọ̀. Mo tún sọ pé ẹ káàbọ̀. Ìyá náà kò wò mí. Ibi tí ó ń wò, mo mọ̀ ọ́n láì yíjú.

"Bàbá ìyàwó," ó pè mí.

"Ìyá wa."

"Àwọn wo nìwọ̀nyẹn?"

"Àwọn ará ìgbàanì kan ni, ìyá. Wọn ò sí."

"Wọn ò sí. Kí ló wá dé tí wọ́n gbé ojú mi wọ̀?"

Ẹnì kan wúkọ́. Súkúrérì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ìyàwó mi ń dà sínú ife dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn ọmọ inú omi yẹn ń kọ́? Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn?"

Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó yà á wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀." Ká ní mo lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, ǹ bá ti fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Wọ́n pe ọmọ. Ó jáde wá, wọ́n dà á ní ìborùn, ó kúnlẹ̀ sáàárín ilé bí ó ti yẹ, ó kí wọn. Wọ́n ní kí ó ṣí ojú. Ó ṣí i, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sí ara ògiri.

"Ta ló kọ ilà kún ilà àwọn èèyàn mi?"

Ó ti gbàgbé àna, ó ti gbàgbé ìborùn. "Mẹ́ta ni mo fún wọn! Mẹ́ta, èyí ìsàlẹ̀ ló gùn, ó fẹ́ kan etí!"

Gbogbo sàló yí orí sọ́dọ̀ bàbá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí a bá ń sálámà láti parí ìrun. Ọmọ wa náà yí orí, ó tẹ̀ lé ojú wọn, ó rí i. Kò tíì rí bàbá ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ìpàdé sí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu.

"Bàbá tó máa ń jókòó sí ìta," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bàbá fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo ń dúró de "a ó padà wá." Ọkọ ọmọ wa fẹ́ dìde, bàbá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ léjìká. N kò rò nípa ọ̀wọ̀ ara mi mọ́ rárá. Ọmọ yẹn ni mo ń rò, bí yóò ṣe tún dìde lórí eékún rẹ̀, tí yóò padà sí yàrá, tí yóò ní òun ò bínú.

Ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ó mọ̀. Ọmọ yìí mọ̀."

"Kí ló mọ̀?"

"Pé ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni bàbá wí.

Ẹ̀yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìjà kan ti wà láàárín àwọn méjèèjì láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, tó sì ti wà láàárín ilé wọn kí a tó bí wọn. Nígbà tí ìjọba ńlá ti apá òkè fọ́ láyé àwọn baba ńlá wọn, tí ìlú ń gbógun ti ìlú, àwọn èèyàn ìyá yìí sá dé ìdí odi ìlú àwọn èèyàn bàbá. Wọ́n kànkùn. Wọn ò ṣí i fún wọn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló sọ fún un. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá pẹ́ níta, tàbí tí ó bá gbàgbé láti ra ẹja, ilẹ̀kùn yẹn ló máa ń jáde.

"Ogun wà lẹ́yìn wọn!" Bàbá ti ń ké. "Bí wọ́n bá ṣí i, ogun á bá wọn wọlé. Àwọn náà lọ́mọ nínú ilé!"

"Ẹ̀rù bà yín."

"Ẹ̀rù bà wá. Ta ni ẹ̀rù kì í bà?"

Èmi nìkan ni mo mi orí fún un nínú sàló náà.

"Ìyá." Ọmọ wa ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò wọ́n ti di ojú olùkọ́. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Wọ́n ṣí i nígbà tó yá. Àwọn tó kù wọlé. Ìyá ńlá mi kan fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú."

"Ó bímọ fún un ṣá," ni bàbá wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ ilà kẹrin yẹn?"

Ìyàwó mi ń wo ife. Mo ní, "Èmi ni, ìyá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ta?"

"Ti bàbá. N kò tíì rí ẹ̀yin nígbà yẹn."

Ẹ̀rín yìí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹnu ọkọ ọmọ wa gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá dúró kí ó parí. "Yọ ọ́ kúrò. A kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, àwa là ń kàn án. Àwọn ọmọ inú omi yẹn ni kí o kọ ilà wa fún. Ojú wọn ṣófo."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lójú ẹsẹ̀ ni. Mo ti ń wá ibi tí àpótí wà.

"Rárá, ìyá," ni ọmọ wa wí.

Ẹ wò ó, mo ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dojú dé rí lórí ọ̀sà. Kò tó báyìí. Ọmọ tí wọ́n wá tọrọ, lórí eékún, ó ń sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ yẹn, gbogbo ìlú ni wọ́n ti wá. N kò kọlà fún wọn nítorí kò tíì sí ìlú tó gbà pé tòun ni wọ́n. Bí mo bá fi ilà ilé kan sí wọn, àwọn ìlú yòókù á ní kò kan àwọn."

Ìyá wò ó. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ó le."

"Ó jọ ẹnì kan," ni bàbá wí.

"Fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ìyá sọ fún ọmọ. "Nínú tìrẹ yìí, ṣé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn náà?"

"Wọn ò tíì ṣí i, ìyá. N kò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣí i, nítorí ẹni tó bá ṣí i gbọ́dọ̀ wo ojú àwọn tó kù."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ṣí i. Ìyá ìyá mi sọ ìyẹn náà fún mi. Má ṣí i títí o fi máa dé ọ̀dọ̀ mi."

Ọkọ ọmọ wa mí sókè bí ẹni tó yọ lódò. Èmi ò tíì mọ̀ pé a ti dá wa lóhùn. Ìyàwó mi ló gún mi nígbọ̀nwọ́: "Gbé obì, bàbá. Wọ́n ti gbà." Mo gbé àwo, ọwọ́ mi gbọ̀n, obì yí sábẹ́ àga ìyá náà, mo sì ní láti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí n tó rí i mú. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti rí i pé mo níwà.

Dowa ni ọmọ wa ń gbé báyìí. Mo ti ha ilà kẹrin kúrò. Ìyá máa ń wá nígbà mìíràn, yóò jókòó, yóò máa wo ògiri. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, n óò rántí lójijì pé iṣẹ́ ń dúró dè mí ní àtẹlíyè, n óò gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìyàwó mi ní kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni.

Mo bi ọmọ náà lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwa méjì nìkan wà, pé báwo ni wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó ní kí n má bínú, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ òun ni.